Ẹsẹ̀ Tí Kò Ṣe é Fà Gùn: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Boeing 737 MAX Lójú Ìṣirò Ayò

Bí ènìyàn bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàálù Boeing 737 MAX nígbà tí ó wà nílẹ̀, ohun tí ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ bá pàdé ni bí ikùn bàálù náà ṣe súnmọ́ ilẹ̀ tó. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò so rọ̀ sábẹ́ apá bí a ṣe ń rí i lára ọ̀pọ̀ bàálù mìíràn. Wọ́n tì í síwájú apá, wọ́n sì gbé e sókè. Láàárín ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì náà àti ilẹ̀, nǹkan bí íǹṣì 17 péré ni ó ṣẹ́ kù, èyí tí kò kọjá orúnkún àgbàlagbà. Àyè tóóró yìí ni mo fẹ́ kọ̀wé lé lórí, nítorí pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nítorí rẹ̀ láàárín ọdún 2010 sí ọdún 2020, títí kan bàálù MAX méjì tí ó já, ni ó fi yé mi jù lọ bí ìṣirò ayò ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú yíya àwòrán bàálù, yálà àwọn tí ó ń yà á mọ̀ pé ayò ni àwọn ń ta, tàbí wọn kò mọ̀.

Ìṣirò ayò ni mo pe ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣirò tí wọ́n ń pè ní game theory ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ayò ọlọ́pọ́n tiwa, ihò 12 ni ó wà, ọmọ ayò 48 ni a sì ń ta. Èyí tí mo bá jẹ, ó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ nìyẹn. Ayò inú ilé iṣẹ́ bàálù kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn tí ó jókòó ti ọpọ́n lè jọ jèrè, wọ́n sì lè jọ pàdánù. Ibi tí méjèèjì ti jọra ni pé kò sí ẹni tí ó lè mú ihò tí yóò kó láìro ohun tí ẹni tí ó dojú kọ ọ́ yóò ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ọdún 1950, John Nash, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 21 péré ní Yunifásítì Princeton, fi hàn pé nínú gbogbo ayò tí iye àwọn tí ń ta á àti iye ọ̀nà tí wọ́n lè gbà ta á bá ní òpin, ó kéré tán ibì kan wà tí ayò náà lè fìdí kalẹ̀ sí, níbi tí kò ti sí ẹnìkan nínú wọn tí yóò jèrè kankan bí òun nìkan bá yí ọwọ́ padà, tí àwọn yòókù kò sì yí tiwọn. Ibi ìdúró Nash ni mo ń pè é. Ohun tí àwọn ènìyàn sábà máa ń gbàgbé ni pé ibi ìdúró kì í ṣe ibi tí ó dára jù lọ. Ó lè jẹ́ ibi tí ara ti ń ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò lè dá nìkan kúrò níbẹ̀. Ṣáájú Nash, ní ọdún 1934, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Jámánì kan, Heinrich von Stackelberg, ti kọ nípa irú ayò mìíràn, níbi tí ẹnìkan ti ń kọ́kọ́ ta, tí ẹnìkejì ń wo ohun tí ó ta kí ó tó dáhùn. Ẹni àkọ́kọ́ ni aṣáájú, ẹnìkejì ni atẹ̀lé. Aṣáájú tí ó bá gbọ́n yóò ti ro ìdáhùn atẹ̀lé mọ́ ìta tirẹ̀.

Nínú yàrá tí wọ́n ti ń ya bàálù, àwọn tí ń tọ́jú ọ̀ràn afẹ́fẹ́ máa ń fẹ́ kí apá gùn kí ó sì tẹ́ẹ́rẹ́, nítorí pé irú apá bẹ́ẹ̀ kì í jẹ epo púpọ̀. Àwọn tí ń tọ́jú agbára àti ìwúwo máa ń fẹ́ kí apá kúrú kí ó sì nípọn, nítorí pé apá gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ yóò gba irin púpọ̀ kí ó tó lè gbé ara rẹ̀. Apá kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ní. Kemper Lewis àti Farrokh Mistree tẹ iṣẹ́ kan jáde ní ọdún 1997 tí ó ṣe àfihàn irú ọ̀ràn yìí gẹ́gẹ́ bí ayò, yálà àwọn ẹgbẹ́ jọ fikùn lukùn pátápátá, tàbí olúkúlùkù ń ṣe tirẹ̀, tàbí ẹnìkan ń ṣáájú tí èkejì ń tẹ̀lé. Ní ilẹ̀ Faransé, Jean-Antoine Désidéri ti ilé ìwádìí INRIA ní Sophia Antipolis gbájú mọ́ ìbéèrè mìíràn tí mo kà sí pàtàkì jù: kí ayò tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ta ni yóò ni èwo nínú àwọn ohun tí ó ṣe é yípadà lára bàálù? Ìpín ilẹ̀ ni ó pe ọ̀rọ̀ yìí. Èmi náà gbà pé ìpín ilẹ̀ ni ìdí ọ̀ràn 737 MAX, ju ojúkòkòrò tàbí àìmọ̀ṣẹ́ ẹnikẹ́ni lọ.

Ayò ìta: Airbus ta, Boeing dáhùn

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 2010, Airbus, ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù tí ó ń bá Boeing du ọjà, kéde pé òun yóò fi ẹ́ńjìnnì tuntun sí ara bàálù rẹ̀ A320, pé orúkọ rẹ̀ yóò sì máa jẹ́ A320neo. Wọ́n ṣèlérí pé epo tí yóò máa jó yóò fi nǹkan bí ìdá 15 nínú 100 dín sí ti tẹ́lẹ̀. Ìta yìí kò ni Airbus lára, nítorí pé A320, tí ó kọ́kọ́ fò ní ọdún 1987, ga nílẹ̀ dáadáa. Fáànù iwájú ẹ́ńjìnnì CFM56 tí ó ń lò tẹ́lẹ̀ fẹ̀ tó íǹṣì 68. Ti LEAP tuntun fẹ̀ tó íǹṣì 78, ó sì wọ abẹ́ apá náà láìsí wàhálà púpọ̀.

Boeing kò dáhùn lọ́gán. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2011, àwọn ọ̀gá ibẹ̀ ṣì ń sọ ní gbangba pé bàálù tuntun pátápátá ni ọkàn àwọn fà sí láti fi rọ́pò 737. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, níbi ìpàtẹ bàálù ní Paris, AirAsia nìkan ra A320neo 200. Lẹ́yìn náà ni èyí tí ó yí ọpọ́n padà: ní ọjọ́ 20 oṣù Keje, American Airlines, tí ó ti jẹ́ oníbàárà pàtàkì fún Boeing láti ọjọ́ pípẹ́, kéde pé òun yóò ra bàálù 460, pé 260 nínú wọn yóò wá láti ọ̀dọ̀ Airbus. Nínú 200 tí ó fi sílẹ̀ fún Boeing, 100 jẹ́ 737 tí yóò ní ẹ́ńjìnnì tuntun, bàálù tí ìgbìmọ̀ olùdarí Boeing kò tíì fọwọ́ sí pé kí wọ́n ṣe. Wọ́n fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹjọ.

Bí a bá fi ojú Stackelberg wò ó, Airbus ni aṣáájú, Boeing ni atẹ̀lé. Bàálù tuntun pátápátá ì bá gba ọ̀pọ̀ ọdún ju fífi ẹ́ńjìnnì tuntun sára èyí tí ó wà nílẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo oníbàárà tí ó bá sì ti bọ́ sọ́dọ̀ Airbus láàárín àkókò yẹn ti kọ́ awakọ̀, ti ra àpòjù ẹ̀yà ara, kò sì ní í tètè padà. Lójú tèmi, ìdáhùn Boeing bá òfin ayò tí ó wà níwájú rẹ̀ mu. Bí mo bá wà nípò wọn lọ́jọ́ náà, kò dá mi lójú pé ǹ bá yan nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n ìdáhùn yẹn gbé ayò kejì wọlé, èyí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ yóò ta láàárín ara wọn, tí ohun mẹ́ta kan sì ti di èèwọ̀ níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mú ọmọ ayò kan: ọjọ́ tí bàálù gbọ́dọ̀ jáde, ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó wà lábẹ́ apá, àti ẹ̀kọ́ tí àwọn awakọ̀ yóò gbà.

Ayò inú: ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀

737 àkọ́kọ́ fò ní oṣù Kẹrin ọdún 1967. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ó kúrú nílẹ̀ ni, kí àwọn òṣìṣẹ́ lè máa ti ilẹ̀ kó ẹrù sínú ikùn rẹ̀ ní àwọn pápákọ̀ kéékèèké tí kò ní ẹ̀rọ ìgbẹ́rù. Ẹ́ńjìnnì ìgbà náà tẹ́ẹ́rẹ́ bí sìgá, nítorí náà ẹsẹ̀ kúkúrú kò pa ẹnikẹ́ni lára. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1984, tí wọ́n fẹ́ fi ẹ́ńjìnnì CFM56 tí fáànù rẹ̀ fẹ̀ tó íǹṣì 60 sí ara 737-300, àyè ti há. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ni pé wọ́n kó àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí ó máa ń wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n sì tẹ ìsàlẹ̀ ilé ẹ́ńjìnnì náà pẹrẹsẹ. Ẹni tí ó bá ti wọ 737 rí yóò rántí ẹnu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tí kò rí róbótó, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ bí ikùn ẹja ọ̀bọ̀kún.

Kí nìdí tí wọn kò fi fa ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn? Ẹsẹ̀ ńlá 737 so mọ́ apá. Nígbà tí bàálù bá gbéra, ẹsẹ̀ náà á ká wọ inú, àgbá rẹ̀ á sì wọ ihò kan lábẹ́ ikùn. Ẹsẹ̀ tí ó bá gùn sí i kò ní í wọ ihò yẹn mọ́, àfi bí wọ́n bá sún ìdí rẹ̀ síta lórí apá, èyí tí yóò mú kí wọ́n tún egungun apá ṣe, tí yóò sì tún kan bí àwọn èrò ṣe ń jáde nígbà ewu, nítorí pé bàálù tí ó ga sí i nílò ohun tí wọn yóò fi yọ̀ bọ́ sílẹ̀ láti orí apá. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ti fọwọ́ kan ìdajì bàálù nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n gbé ayò yìí kalẹ̀ pẹ̀lú òǹkà tí èmi fúnra mi fi ṣe àpẹẹrẹ, kí ohun tí mò ń sọ lè hàn sójú. Ká sọ pé ẹgbẹ́ méjì ni ó wà: ẹgbẹ́ ẹ́ńjìnnì, tí ó lè yan fáànù kékeré tàbí fáànù ńlá, àti ẹgbẹ́ ẹsẹ̀, tí ó lè yan ẹsẹ̀ kúkúrú tàbí ẹsẹ̀ gígùn. Òǹkà tí mo fẹ́ dá yìí jẹ́ ẹrù tí ó wọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́rùn, nítorí náà èyí tí ó kéré ni ó dára. Bí fáànù bá kéré tí ẹsẹ̀ sì kúrú, ẹrù 10 wọ ẹgbẹ́ ẹ́ńjìnnì lọ́rùn nítorí epo tí yóò jó, ẹrù 10 sì wọ ẹgbẹ́ ẹsẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá gùn tí fáànù kò sì yípadà, ti ẹgbẹ́ ẹsẹ̀ á di 14 nítorí ìwúwo àti iṣẹ́ àtúnṣe, ti ẹgbẹ́ ẹ́ńjìnnì á sì dúró ní 10. Bí méjèèjì bá jọ yípadà, ti ẹgbẹ́ ẹ́ńjìnnì á já wálẹ̀ sí 4, ti ẹgbẹ́ ẹsẹ̀ á wà ní 14. Bí fáànù bá tóbi tí ẹsẹ̀ sì kúrú, ẹ́ńjìnnì á máa ha ilẹ̀, àwòrán náà bàjẹ́ nìyẹn, 30 á wọ ẹgbẹ́ ẹ́ńjìnnì, 25 á wọ ẹgbẹ́ ẹsẹ̀.

Ẹ wo ibi tí ayò yìí lè dúró sí. Fáànù kékeré pẹ̀lú ẹsẹ̀ kúkúrú jẹ́ ibi ìdúró Nash: ẹgbẹ́ ẹsẹ̀ kò ní í dá nìkan lọ sí 14 láti 10, ẹgbẹ́ ẹ́ńjìnnì kò sì ní í dá nìkan lọ sí 30. Àmọ́ fáànù ńlá pẹ̀lú ẹsẹ̀ gígùn jẹ́ ibi ìdúró pẹ̀lú, nítorí pé ẹni tí ó bá dá padà nínú àwọn méjèèjì yóò rí ẹrù tí ó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ibi ìdúró méjì ni, ti àkọ́kọ́ jẹ́ 20 lápapọ̀, ti ẹ̀kejì jẹ́ 18. Èwo ni a ó bára wa nínú rẹ̀? Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ ta ni yóò pinnu. Bí ẹgbẹ́ ẹ́ńjìnnì bá ṣáájú, yóò mú fáànù ńlá, nítorí ó mọ̀ pé ẹgbẹ́ ẹsẹ̀ yóò yan 14 dípò 25, yóò sì fa ẹsẹ̀ gùn. Bí ẹgbẹ́ ẹsẹ̀ bá ṣáájú, yóò dúró lórí ẹsẹ̀ kúkúrú, nítorí ó mọ̀ pé ẹgbẹ́ ẹ́ńjìnnì yóò fara mọ́ 10 dípò 30. Ọpọ́n kan náà, àwọn tí ń ta kan náà, òǹkà kan náà. Ẹni tí ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan ọmọ ayò nìkan ni ó yàtọ̀.

Bí olórí tí ó wà lókè àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì bá sì rí gbogbo rẹ̀, ó lè ní kí ẹgbẹ́ ẹ́ńjìnnì gba 5 kúrò lọ́rùn ẹgbẹ́ ẹsẹ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà ní 9. Ìyẹn sàn fún àwọn méjèèjì ju 10 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ lọ. Irú pàṣípààrọ̀ báyìí ni iṣẹ́ olórí ayàwòrán bàálù, kì í sì í rọrùn, nítorí pé àwọn tí yóò jèrè epo lọ́dún mẹ́wàá sí i kọ́ ni àwọn tí ọjọ́ iṣẹ́ wọn yóò sún síwájú lónìí.

Nínú ọ̀ràn 737, ẹsẹ̀ ni ó ti ṣáájú, láti ọdún 1967. Àwọn tí wọ́n yan ẹsẹ̀ kúkúrú yẹn ṣe ohun tí ó tọ́ fún ìgbà tiwọn, wọ́n sì ti ta ọmọ ayò tiwọn tán ní nǹkan bí ogójì ọdún ó lé kí ẹgbẹ́ ẹ́ńjìnnì ti MAX tó jókòó. Boeing yẹ fáànù íǹṣì 66 àti íǹṣì 68 wò, wọ́n sì bá a dé nǹkan bí íǹṣì 69 níkẹyìn. Wọ́n fa ẹsẹ̀ iwájú, tí ó rọrùn láti fà, gùn ní íǹṣì 8. Wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì síwájú, wọ́n sì gbé e sókè, kí íǹṣì 17 yẹn má bàa dín. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì kọjá sí èyí tí ń gba àárín rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 9 sí 1 lára MAX, nígbà tí ó jẹ́ 11 sí 1 lára LEAP ti Airbus. Bí ìwọ̀n yìí bá ṣe pọ̀ tó ni epo tí ẹ́ńjìnnì ń jó ṣe ń dín kù, nítorí náà ìyàtọ̀ yẹn ni iye tí ẹsẹ̀ kúkúrú gbà lọ́wọ́ wọn.

Ẹni tí ó ta kẹ́yìn

Gbígbé ẹ́ńjìnnì síwájú kò parí sí orí àwòrán. Nígbà tí imú bàálù bá ga púpọ̀ nínú afẹ́fẹ́, ilé ẹ́ńjìnnì ńlá tí ó yọ síwájú apá náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fúnra rẹ̀ gbé bàálù sókè, imú á sì túbọ̀ fẹ́ máa lọ sókè. Òfin ìwé àṣẹ bàálù sọ pé bí imú bá ṣe ń ga sí i ni ọ̀pá ìdarí gbọ́dọ̀ ṣe máa wúwo sí i lọ́wọ́ awakọ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ lè kìlọ̀ fún un. Lára MAX, ọ̀pá náà ń fúyẹ́ níbi tí ó yẹ kí ó ti wúwo.

Ta ni yóò tún èyí ṣe? Àwọn tí ó ni ẹ́ńjìnnì ti ta tán. Ẹsẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn tí ó ni apá kò lè yí i padà púpọ̀ láìba ọjọ́ jẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí ó ṣì ṣe é yí láìgé irin ni ètò kọ̀ǹpútà, nítorí náà àwọn tí ń kọ ètò ìdarí ni ó di atẹ̀lé tí ó kẹ́yìn gbogbo atẹ̀lé, gbogbo ohun tí àwọn aṣáájú kò sì lè gbé ni ó dà lé wọn lórí. Ètò tí wọ́n kọ ni MCAS, tí ó máa ń yí apá kékeré tí ó wà ní ìrù láti fi ti imú bàálù wálẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó kàn lè yí i ní ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá dígírì kan, nígbà eré sísá gidi nìkan, lẹ́yìn tí ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bá ti jẹ́rìí sí i. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé wàhálà ọ̀pá fúfúyẹ́ náà wà nígbà tí bàálù kò sáré púpọ̀ pẹ̀lú, wọ́n sì sọ ọ́ di dígírì 2.5, tí ó lè ṣẹlẹ̀ léraléra, lórí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo: ewé irin kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú bàálù tí afẹ́fẹ́ ń yí, tí ń wọn igun tí bàálù fi ń kojú afẹ́fẹ́. Irú ewé bẹ́ẹ̀ méjì ni ó wà lára bàálù náà. MCAS ń gbọ́ ti ọ̀kan.

Awakọ̀ náà wà nídìí ọpọ́n yìí, bẹ́ẹ̀ ni kò sì mọ̀. Ìwádìí ìgbìmọ̀ Ilé Aṣòfin Kékeré ti Amẹ́ríkà, tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, sọ pé Boeing ti ṣe àdéhùn pẹ̀lú Southwest, ilé iṣẹ́ tí ń fi bàálù kó èrò ní Amẹ́ríkà, pé òun yóò dá mílíọ̀nù kan dọ́là padà lórí bàálù kọ̀ọ̀kan bí MAX bá mú kí awakọ̀ nílò ẹ̀kọ́ nínú ẹ̀rọ ìdánrawò. Orúkọ MCAS kò sí nínú ìwé ìtọ́ni tí wọ́n fún àwọn awakọ̀. Àbọ̀ ìwádìí kan náà sọ pé ní ọdún 2012, awakọ̀ ìdánwò Boeing kan lo ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ kí ó tó dáhùn sí MCAS tí ó ṣàdéédé ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ ìdánrawò, àbájáde rẹ̀ sì jẹ́ ìparun. Síbẹ̀ ìṣirò ààbò wọn dúró lórí pé awakọ̀ yóò dáhùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá 4. John Harsanyi, tí ó jọ gba ẹ̀bùn Nobel pẹ̀lú Nash àti Reinhard Selten ní ọdún 1994, ni ó kọ́ wa bí a ṣe ń ṣírò ayò tí ẹnìkan nínú àwọn tí ń ta á kò ti mọ ohun tí ẹnìkejì mọ̀. Kódà nínú ìṣirò tirẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ ṣì mọ̀ pé ohun kan wà tí òun kò mọ̀. Èyí kò sí fún àwọn awakọ̀ MAX.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 2018, ewé irin kan lára bàálù Lion Air tí ó gbéra ní Jakarta fi dígírì 21 yàtọ̀ sí òótọ́. MCAS ti imú bàálù náà wálẹ̀ ju ogún ìgbà lọ, àwọn awakọ̀ ń fà á padà sókè, títí ó fi já sínú òkun pẹ̀lú ènìyàn 189. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 2019, bàálù Ethiopian Airlines tí ó ń lọ sí Nairobi ṣubú ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́fà lẹ́yìn tí ó kúrò ní Addis Ababa, ènìyàn 157 sì kú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Pius Adesanmi, ọmọ Ìsánlú ní ilẹ̀ Yàgbà, tí ó jẹ́ olùdarí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa Áfíríkà ní Yunifásítì Carleton ní Kánádà, wà nínú rẹ̀. Ambásẹ́dọ̀ Abiodun Bashua, tí ó ti ṣojú Nàìjíríà tí ó sì ti ṣiṣẹ́ fún Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní Darfur, wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Mi ò lè ka òǹkà íǹṣì àti dígírì tí mo ti kọ sókè yìí tán kí n má rántí àwọn méjèèjì.

Bí ìpín ilẹ̀ ì bá ti rí

Ohun tí Désidéri dá lábàá lọ báyìí. Kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹni tí ọ̀ràn rẹ̀ ṣe pàtàkì jù lọ dé ibi tí ó dára jù fún un, kí o má tíì pe ẹnìkejì rárá. Lẹ́yìn náà, láti ibi tí ó dé yìí, ṣe ìṣirò àwọn ọ̀nà tí àwòrán lè gbà yípadà, kí o sì tò wọ́n láti orí èyí tí yóò dun ẹni àkọ́kọ́ jù dé orí èyí tí kò ní í fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ lára. Àwọn tí kò mọ̀ lára yìí ni kí o pín fún ẹnìkejì. Nígbà tí wọ́n bá wá ta ayò Nash láàárín ara wọn, ibi tí wọn yóò dúró sí kò ní í jìnnà sí ibi tí ó dára fún ẹni àkọ́kọ́, ẹnìkejì yóò sì ti rí nǹkan mú nínú rẹ̀.

Tí a bá gbé èyí ka orí MAX, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ta ni ọ̀ràn rẹ̀ ṣe pàtàkì jù. Lórí ọpọ́n ọdún 2011, ọjọ́ ìjáde àti ẹ̀kọ́ awakọ̀ ni ó wà nípò yẹn. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ mú ilẹ̀ tiwọn, ẹsẹ̀ sì ti ní tirẹ̀ láti ayé àtijọ́. Bí ọ̀pá ìdarí ṣe ń ṣe lọ́wọ́ awakọ̀ ni ó gba àjẹkù. Lójú tèmi, ipò àkọ́kọ́ tọ́ sí i. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ọ̀nà àkọ́kọ́ tí ìṣirò náà ì bá kà sí èyí tí yóò dùn ún jù ni gbígbé ilé ẹ́ńjìnnì síwájú, gíga ẹsẹ̀ ì bá sì hàn gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ tí ó yẹ kí a fi sílẹ̀ fún àwọn yòókù láti jọ dunàádúrà lé lórí, kì í ṣe èyí tí a óò fi odi yí ká.

Kò sí ẹni tí ó lè fi ìṣirò yìí búra pé bàálù náà ì bá jáde ní ọjọ́ tí ó jáde. Ó ṣeé ṣe kí ó pẹ́ ju oṣù Karùn-ún ọdún 2017 tí wọ́n kọ́kọ́ fi ọ̀kan lé oníbàárà lọ́wọ́ lọ. Ṣùgbọ́n láti oṣù Kẹta ọdún 2019 dé oṣù Kọkànlá ọdún 2020 ni MAX fi dúró nílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, Boeing sì gbà ní oṣù Kìíní ọdún 2021 láti san bílíọ̀nù 2.5 dọ́là nínú àdéhùn pẹ̀lú iléeṣẹ́ ìdájọ́ Amẹ́ríkà. Àkókò tí ayò náà fi pamọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, ó san án padà pẹ̀lú èlé.

Nígbà tí FAA, àjọ tí ń ṣàbójútó ọ̀rọ̀ bàálù ní Amẹ́ríkà, gbà kí ó padà fò ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 2020, MCAS ti ń gbọ́ ti ewé irin méjèèjì. Bí ọ̀rọ̀ wọn bá fi ju dígírì 5.5 yàtọ̀ síra, kì í ṣiṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó ń ti imú wálẹ̀ lórí ìṣẹ̀lẹ̀ kan, kò sì lè tì í débi tí ọwọ́ awakọ̀ kò fi ní í lè fà á padà. Awakọ̀ kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ inú ẹ̀rọ ìdánrawò, ohun tí gbogbo ìpín ilẹ̀ ìṣáájú fẹ́ yẹra fún.

Ohun kan wà tí mo máa ń padà sí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2017, Boeing kéde 737 MAX 10, tí ó fi íǹṣì 66 gùn ju MAX 9 lọ. Ara rẹ̀ gùn débi pé ìrù rẹ̀ ì bá máa ha ilẹ̀ nígbà tí imú bá ń gbéra. Ní tirẹ̀, kò sí ètò kọ̀ǹpútà tí ó lè gbé ìrù kúrò nílẹ̀, nítorí náà wọ́n padà sídìí ẹsẹ̀ ńlá náà. Wọ́n ya ẹsẹ̀ tí ó ní ọ̀pá ìgbéga kan nínú, tí ó lè fi íǹṣì 9.5 ga sí i nígbà tí bàálù bá ń gbéra, tí yóò sì tún súnkì bí ó bá ń ká wọlé. Bàálù náà fò fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ọdún 2021, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ó súnkì, ó sì wọ inú ihò àgbá kan náà tí wọ́n ti gbẹ́ sábẹ́ ikùn 737 láti ọdún 1967.